Àwọn Tó Fẹ́ Tún Ọ̀yọ́ Ṣe: Gbèsè Tí Mo Jẹ Olùkọ́ Ìtàn Wa

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé àpéjọ yìí ní kí n kọ nǹkan, wọ́n ní kí n kọ ọ́ lórí ìtàn, torí èmi ni mo máa ń fi ìbéèrè da kíláàsì láàmú nígbà náà lọ́hùn-ún. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo wá rí i pé gbèsè kan wà lọ́rùn mi tí mi ò tíì san. Olùkọ́ Ìtàn wa ni mo jẹ. Ẹ jẹ́ kí n san án lójú gbogbo yín.

Ẹ ó rántí pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ Ìtàn sí lórí táìmù-tébù. Oòrùn Ṣakí á ti mú páànù gbóná, oorun á máa kun gbogbo wa. Bàbá yẹn kì í pariwo. Yóò kàn mú ṣọ́ọ̀kì, yóò fa ìlà gbọọrọ sí àárín bọ́ọ̀dù. Lápá òsì, yóò kọ ỌYỌ́. Lápá ọ̀tún, yóò kọ TỌ́KÌ. Ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lápá kan, yóò wá ọdún tó bá a mu lápá kejì. Ó ní ìjọba ńlá kì í dédé kú. Ó ní bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò yá ni. Àwọn ọmọ á máa wá oògùn kiri, oògùn míì á sì máa dá kún àìsàn.

Lọ́jọ́ kan ó fún wa ní àròkọ: nínú gbogbo àwọn tó gbìyànjú láti tún Ọ̀yọ́ ṣe, ta ló ṣe dáadáa jù? Èmi kọ ọ́ pé kò sí ẹnì kankan tó ṣe dáadáa, àti pé Àtìbà ló burú jù nínú wọn, torí ṣe ló sá fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀. Máàkì 3 nínú 20 ni mo gbà. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Tí ilé bá ń jó, ṣé ẹni tó kó àwọn ọmọ jáde ni ò ń pè ní ojo?" Inú bí mi. Mo fa ìwé náà ya. Ẹ̀yin ìjókòó ẹ̀yìn fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí táàmù fi parí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá bàbá yẹn jiyàn nínú ọkàn mi. Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo bá a dé.

ILÉ ŃLÁ TÍ ÒPÓ RẸ̀ Ń BÁ ARA WỌN JÀ

Ọ̀yọ́-Ilé kò jìnnà sí wa. Ẹ gba Ìgbòho, inú igbó tí ìjọba àpapọ̀ sọ di Old Oyo National Park ní 1991 ni ahoro rẹ̀ wà, tí ẹranko ń jẹ̀ níbi tí àwọn ìlàrí ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìlú náà wà ní ipò rẹ̀, Ìbàrìbá mọ̀ ọ́n, Tápà mọ̀ ọ́n, Dàhọ̀mì ń sanwó orí fún un lọ́dọọdún.

Orí ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ wà. Ẹṣin kì í sì í ṣe ohun tí ilẹ̀ wa ń bí dáadáa. Láti òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń rà á. Kí ni wọ́n fi ń rà á? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ owó yẹn, owó ẹrú ni. Ẹni tó bá ń fi Ọ̀yọ́ yangàn gbọ́dọ̀ fi èyí náà sọ́kàn.

Aláàfin kì í ṣe aláṣẹ tí kò sí ẹni tó lè bi í. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Bí ọba bá kọjá àyè rẹ̀, wọ́n lè kọ̀ ọ́, ọba tí wọ́n bá sì ti kọ̀, ó di dandan kó kú. Ètò yìí dára, torí kò jẹ́ kí ọba di ẹkùn láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n ètò tó dára náà, tí ẹnì kan bá dì í mú, ó lè fi pa ilé. Ohun tí Baṣọ̀run Gáà ṣe gan-an nìyẹn. Láti 1754 tó ti gba agbára, ọba mẹ́rin ló lọ lójú rẹ̀ láàárín ogún ọdún: Lábísí, Awọnbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé. Àwọn ọmọ Gáà tàn ká gbogbo ilẹ̀, wọ́n ń gba owó tó yẹ kó wọ ààfin.

ABÍỌ́DÚN: ÀLÀÁFÍÀ TÓ SỌ IDÀ DI ÌPATÀ

Abíọ́dún ni ẹni karùn-ún. Ó fara balẹ̀, ó ń kí Gáà bí ọmọ ṣe ń kí baba, títí òun àti Ọ̀yàbì tó jẹ́ Kakaǹfò fi mọ̀wọ̀n ara wọn. Ní 1774 wọ́n ṣubú lu Gáà àti ìdílé rẹ̀. Gbogbo ayé dúpẹ́.

Àtúnṣe tí Abíọ́dún wá ṣe ni pé ó yí ojú ìjọba kúrò lórí ogun sí òwò. Ọ̀nà etíkun là, ọjà Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo kún, ilẹ̀ tòrò. Títí dòní, ìgbà Abíọ́dún ni àwọn àgbà fi ń ṣe àpèjúwe ayé ìdẹ̀ra. Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ aṣọ. Ohun tó ń lọ sí etíkun jù ni ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó jẹ́ kí iṣẹ́ ológun bàjẹ́. Bóyá ẹ̀rù pé kí Gáà mìíràn má dìde ló fà á. Àwọn Ẹ̀gbá bọ́ lọ lábẹ́ Líṣàbi. Ní 1783 Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Nígbà tí Abíọ́dún wàjà ní 1789, ilé kún fún owó, kò sí ajá lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún 1789 kan náà, olùkọ́ wa á fo ìlà kọjá sí apá ọ̀tún, Selim Kẹta gorí ìtẹ́ ní Istanbul. Òun náà rí i pé ìjọba Ọ́tómánì ti ń rẹ̀. Ó dá ọmọ ogun tuntun sílẹ̀, orúkọ tó sọ wọ́n ni Ètò Tuntun. Àwọn Janissary, ìyẹn àwọn ọmọ ogun àtijọ́, kò fẹ́. Ní 1807 wọ́n yọ ọ́ lóyè, ní 1808 wọ́n pa á. Bàbá á wá kọjú sí wa: "Ẹni tí kò ní ọmọ ogun ń bẹ̀rù ọ̀tá, ẹni tó ní, ọmọ ogun ló ń bẹ̀rù. Èwo lẹ máa mú?"

AWÓLẸ̀ ÀTI ÒKÈ ÌWÉRÉ

Awólẹ̀ ló jẹ lẹ́yìn Abíọ́dún, ìwà rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́. Afọ̀njá wà ní Ìlọrin, ó gbàgbàdá, ó gba oyè Kakaǹfò mọ́ ọba lọ́wọ́. Awólẹ̀ wá ọgbọ́n tí yóò fi pa á. Ó ní kí Afọ̀njá lọ kógun ja Ìwéré-Ilé.

Ẹ̀yin ará Ìwàjówà tí ẹ wà láàárín wa, ìlú yín nìyẹn. Ẹ mọ bí òkè ṣe wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ibẹ̀ le láti gbà, ilé ìyá Aláàfin Àjàgbó ni, wọ́n sì ti mulẹ̀ pé ọba kankan kò gbọdọ̀ bá a jagun. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun dé ẹsẹ̀ òkè náà tí wọ́n mọ ibi tí wọ́n rán wọn lọ, wọ́n yí padà. Wọ́n dojú kọ Ọ̀yọ́. Ní nǹkan bí 1796 Awólẹ̀ gbẹ́mìí ara rẹ̀, ìtàn sì sọ pé kó tó kú, ó ta ọfà sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó gégùn-ún fún ilẹ̀, ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ègún yẹn ló tú Ọ̀yọ́ ká. Olùkọ́ wa kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó máa ń bi wa ni pé, kí àwo tó fọ́, ta ló ti sán an?

Afọ̀njá kò jọba bó ṣe fẹ́. Ní 1817 ó pe àwọn ẹrú tó jẹ́ mùsùlùmí kí wọ́n wá bá òun jagun, Àlímì náà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìlọrin. Àwọn ọmọ ogun yìí náà ló pa á ní nǹkan bí 1824. Láti ìgbà náà ni Ìlọrin ti kúrò lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ọ̀nà ẹṣin sì há. Ìjọba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹṣin, tí kò rí ẹṣin rà mọ́, ẹ mọ ohun tó kù.

Ní oṣù kìíní 1826, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé. Orí àwọn òkè ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló gbà kọjá, ó dé Ṣakí. Aláàfin Májòtú gbà á lálejò, wọ́n ṣe eré egúngún fún un, inú ààfin dùn. Ní ọdún 1826 yẹn ni Mahmud Kejì, Súlútáànì Tọ́kì, kọjú ìbọn ńlá sí bárékè àwọn Janissary, ó sì pa ẹgbẹ́ wọn run. Ní ọdún kan náà tí ọba kan ń gba idà lọ́wọ́ àwọn ológun tó kọ̀ láti gbọ́ràn, ọba wa ń fi eré ṣe àlejò, ogun sì ń bọ̀ láti Ìlọrin.

Nígbà tó di ìgbà Olúewu, òun náà gbìyànjú. Ó pe àwọn Ìbàrìbá ọ̀tá àtijọ́ kí wọ́n wá gbè é lẹ́yìn. Ètò náà kò burú, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tirẹ̀ kò finú kan bá a lọ. Ogun Ẹlẹ́dúwẹ̀ ni wọ́n ń pe ìjà náà. Olúewu kú síbẹ̀, ọba Ìbàrìbá kú síbẹ̀, ní nǹkan bí 1836. Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ọ̀pọ̀ wá sí Ìgbòho, ọ̀pọ̀ dúró ní Kìṣí, àwọn kan wá sí Ṣakí wa yìí lábẹ́ Òkè Asabàrí. Ẹ bi àwọn àgbà agbolé yín léèrè, ẹ ó gbọ́ iye wọn tí yóò sọ fún yín pé Ọ̀yọ́-Ilé ni baba àwọn ti ṣí wá.

ÀTÌBÀ, ẸNI TÍ MO FI PE ARA MI LỌ́JỌ́GBỌ́N

Ẹni tí mo pè ní ojo ló kàn. Ọmọ Abíọ́dún ni Àtìbà. Àgọ́-Ọjà ló wà nígbà tí ilé bàjẹ́, ní gúúsù, létí igbó. Nígbà tí wọ́n fi jọba, kò padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ó dúró sí Àgọ́-Ọjà, ó ní ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí nìyẹn.

Èmi ọmọdé rí i pé ó sá. N kò rí ohun mẹ́rin tí bàbá yẹn fẹ́ kí n rí.

Èkíní, ó gbé olú-ìlú kúrò níbi tí ẹṣin Ìlọrin ti lè sáré. Létí igbó, ẹṣin kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Èkejì, kò jẹ́ kí Ọ̀yọ́ tuntun dá bí abúlé. Ó kó àwọn ìlú tó wà nítòsí wọlé, àwọn kan pẹ̀lú ipá; Akẹ́tàn, Apàrà, Jàbàtà àti Ṣẹ̀kẹ̀ wà lára wọn, orúkọ wọn ṣì wà gẹ́gẹ́ bí àdúgbò ní Ọ̀yọ́ títí dòní. Ó tún to oyè àti ààfin bó ṣe wà nílé àtijọ́. Ọjà Akẹ́sán tún ná. Kò dùn mọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n kó, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn pamọ́.

Ẹ̀kẹta, ó gbà pé agbára ti kúrò lọ́wọ́ òun. Olúyọ̀lé wà ní Ìbàdàn, Kúrunmí wà ní Ìjàyè, ọmọ ogun wọn pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Àtìbà kò bá wọn ṣe agídí. Ó fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò. Ó ní kí Ìbàdàn máa ṣọ́ àríwá àti ìlà-oòrùn, kí Ìjàyè máa ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn, kí òun jókòó ti orò àti ọ̀rọ̀ ìlú. Ní nǹkan bí 1840 Ìbàdàn dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo. Ètò náà ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ló wú mi lórí jù. Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, tí ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a kú. Ní ọdún 1859 tí Àtìbà kú, Àrẹ̀mọ Adélù kò bá a lọ. Àtìbà ti bá àwọn ìjòyè dì í kó tó kú pé Adélù ni yóò jọba. Ẹ̀mí kan ni wọ́n dá sí, ṣùgbọ́n òfin tó ti pẹ́ tó pẹ́ ni wọ́n sì yí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òjò ńlá kan wó apá kan ilé bàbá mi nísàlẹ̀ òkè. Ilé alámọ̀ ni, àwọn bàbá wa àgbà ló kọ́ ọ. Èmi ni àkọ́bí. Ògiri tó kù ti la, ìyá mi sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ká kó lọ sí ilẹ̀ tuntun lọ́nà Ìgbòho. Àwọn ẹbí yarí. Wọ́n ní mo fẹ́ pa ojúbọ baba mi run, wọ́n ní ọmọ tó kàwé ló máa ń tú ilé ká. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, "Ẹ yọ ilẹ̀kùn yẹn fún mi, ká lọ." Ilẹ̀kùn igi àtijọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń wí. Òun ló wà lẹ́nu ilé tuntun lónìí, ó kéré sí férémù, a fi pákó dí àlàfo rẹ̀.

Ọjọ́ tí káfíńtà kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù ni mo rántí bírò pupa. Mo ní, áà, Bàbá, mo ti yé e. Orúkọ Akẹ́sán tí Àtìbà gbé wá, ilẹ̀kùn ni.

IBI TÍ ÀTÚNṢE ÀTÌBÀ KÙ SÍ

Ṣùgbọ́n n kò ní torí pé mo ń tọrọ àforíjì kí n wá sọ Àtìbà di áńgẹ́lì. Ètò rẹ̀ ní ihò. Ó pín iṣẹ́, kò pín ìdájọ́. Tí Ìbàdàn àti Ìjàyè bá jà, ta ni yóò là wọ́n? Kò sí àpò kan tí gbogbo wọn ń dá owó sí, kò sí ọmọ ogun kan tí Aláàfin lè rán. Ìdè kan ṣoṣo tó kù ni ọ̀wọ̀.

Kúrunmí ló kọ́kọ́ já a. Ó ní òun kò mọ Adélù lọ́ba, pé àṣà ni kí Àrẹ̀mọ kú. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí àtúnṣe sọ di ẹni ńlá ló wá ń fi àṣà àtijọ́ jà. Ṣé àṣà ló ń jà fún, àbí ipò? Ó dà bíi pé méjèèjì ni. Awuyewuye lórí ogún obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Abù, tó kú ní Ìjànà láìní àrólé, tún da epo sí iná. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861 lẹ́yìn tó ti rí ikú ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1862 Ìjàyè fọ́. Òpó ìwọ̀-oòrùn wó, apá ọ̀dọ̀ wa sì wà lára ilẹ̀ tí òpó náà ń gbé dúró.

Ìbàdàn wá ku òun nìkan. Ìlú yẹn náà, àtúnṣe ni fúnra rẹ̀: níbẹ̀, ọmọ ẹnikẹ́ni lè jagun títí yóò fi joyè, kò di dandan kó jẹ́ ọmọ ọba. Ṣùgbọ́n àwọn ajẹ́lẹ̀ tó rán lọ sí ìlú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jẹ ìlú ní ìjẹkújẹ. Ogun Kírìjì tó tìdí rẹ̀ yọ gba ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó parí pátápátá ní 1893.

LẸ́TÀ ADÉYẸMÍ KÌÍNÍ

Ní 1876 Adéyẹmí Kìíní gorí ìtẹ́ Ọ̀yọ́. Ní 1876 náà ni Abdülhamid Kejì gorí ìtẹ́ Tọ́kì, tí wọ́n sì gbé ìwé òfin ìjọba àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Kò pé ọdún méjì tó fi pa ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tì. Ọjọ́ tí bàbá yẹn kọ 1876 lẹ́ẹ̀méjì sí bọ́ọ̀dù, ó kàn gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ ni, kò sọ nǹkan kan.

Adéyẹmí kò ní ọmọ ogun, kò ní owó, ogun sì ń jó ilé lójú rẹ̀. Ohun tó ní ni orúkọ Aláàfin àti àwọn ọmọ ilẹ̀ tó mọ̀wé. Ní 1881 ó kọ lẹ́tà sí Gómìnà ní Èkó, ó bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n wá bá òun parí ogun. Ẹni tó gbé lẹ́tà náà lọ ni Samuel Johnson, tó padà di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tó sì kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa ń kà. Ó parí ìwé náà ní 1897, wọ́n sọ ọ́ nù nílẹ̀ òyìnbó; ó kú ní 1901; àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Tí kì í bá ṣe ti ọkùnrin méjì yìí, ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń sọ níbí ì bá ti rà mọ́lẹ̀.

Ìwé àlàáfíà wáyé ní 1886. Ìjà náà kò tán lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìlù ogun rọlẹ̀. Ní 1888 Aláàfin tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ní 1893 ó tún tọwọ́ bọ òmíràn nígbà tí Gómìnà Carter dé Ọ̀yọ́. Ní oṣù kọkànlá 1895, Captain Bower yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́ nítorí pé Aláàfin ṣe ìdájọ́ bí àwọn baba rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ilé jó, ènìyàn kú. Ọba tó ní kí àlejò wá là á níjà, àlejò náà ló wá sọ òkò lu ààfin.

Ṣé òmùgọ̀ ni Adéyẹmí? Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ náà kò mọ́ tán, torí ó máa ń fẹ́ kí àwọn alágbára abẹ́ rẹ̀ rẹ ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí odò ń gbé lọ, koríko tó bá rí ni yóò dì mú.

ÀTÚNṢE TÍ ÀWỌN MÌÍRÀN ṢE FÚN WA

Èyí tó kẹ́yìn, òyìnbó ló ṣe é. Captain Ross di olórí Ẹkùn Ọ̀yọ́ ní 1914, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1931. Òun àti Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní mọwọ́ ara wọn. Ross ní òun fẹ́ dá ògo Ọ̀yọ́ padà. Ó wá fún Aláàfin ní àṣẹ tí Abíọ́dún pàápàá kò ní: kóòtù tuntun, owó orí, ọlọ́pàá, kò sì sí Ọ̀yọ́ Mèsì tó lè kọ ọba tí òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òkè-Ògùn ló fèsì. Ní oṣù kẹwàá 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde. Kóòtù tuntun àti àwọn tó ń jókòó nínú rẹ̀ ló wà lójú ìbínú wọn. Ìjọba rán sọ́jà, wọ́n tẹ̀ wọ́n rì, wọ́n dájọ́ ikú fún àwọn kan. Lẹ́yìn náà ni Òkèhò sọ̀ kalẹ̀ láti ibùdó rẹ̀ àtijọ́ sí ibi tó wà lónìí. Àwọn baba wa yẹn kò lòdì sí ìlọsíwájú. Ohun tí wọ́n lòdì sí ni àtúnṣe tí kò sí ẹni tó lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Tọ́kì náà kò yè é. Ní 1922 wọ́n pa ipò Súlútáànì rẹ́. Apá òsì àti apá ọ̀tún bọ́ọ̀dù, ibì kan náà ni wọ́n já sí.

KÍ NI MO FẸ́ KÁ MÚ LỌ SÍLÉ?

Ẹ̀yin ará, mo ti ka àròkọ mi ní àkàtúnkà. Tí wọ́n bá tún bi mí lónìí ta ló ṣe dáadáa jù, Àtìbà ni mo máa kọ, ma sì kọ ihò inú ètò rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Abíọ́dún tún ọjà ṣe, ó gbàgbé ẹnu ọ̀nà. Awólẹ̀ fi òfin pa ọ̀tá, òfin náà sì yí padà pa á. Adéyẹmí fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé àlejò lọ́wọ́. Ross kọ́ ilé ńlá, kò ṣe fèrèsé sí i. Àtìbà nìkan ló bi ara rẹ̀ pé kí ni a lè fi sílẹ̀ tí a ó ṣì máa jẹ́ ara wa.

Ìbéèrè yẹn wà níwájú ẹgbẹ́ wa náà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láàárín ara wa. Ìwé òfin ẹgbẹ́ wa ti gbó. Àwọn kan ti wà lórí àga láti ìgbà tí àwọn ọmọ tó jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì ń wọ ṣòkòtò kúkúrú. Àwọn ọmọ náà kì í wá sí ìpàdé mọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá dá owó, àwọn kò mọ ibi tó ń gbà. Àwa àgbà ní wọn ò bọ̀wọ̀ fúnni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀wọ̀ nìkan ni okùn tó so Ọ̀yọ́, Ìjàyè àti Ìbàdàn pọ̀, ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe já. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ó ṣe máa ṣírò owó, àti ẹni tí yóò máa là wá nígbà tí a bá jà. Tí Àrẹ̀mọ bá ti ń kú pẹ̀lú baba rẹ̀, ta ni yóò jogún ilé?

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti iṣẹ́ Ìtàn fúnra rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọ́n yọ ọ́ kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró fún àwọn ọmọ kékeré lórílẹ̀-èdè yìí, kí ìjọba àpapọ̀ tó pàṣẹ ní 2018 pé kó padà. Àṣẹ lásán kò ní í kọ́ ọmọ. Ó ń fẹ́ olùkọ́, ó ń fẹ́ ìwé, ó ń fẹ́ ọkọ̀ kan tí yóò kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa láti Ṣakí lọ sí Ìgbòho kí wọ́n fojú rí ibi tí wọ́n sin àwọn Aláàfin mẹ́rin sí. Ẹlẹ́gbẹ́ tó bá ní bọ́ọ̀sì, kó nawọ́. Èmi yóò ra epo.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìtàn wa, Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ṣì máa ń jókòó sí iwájú ilé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, pé ojú yín kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo ti bẹ ẹlẹ́gbẹ́ wa kan kó ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí fún ìwé tí mo fà ya. Ẹ ò ní láti yí máàkì yẹn padà. 3 nínú 20 ló tọ́ sí mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ èyí tán, ẹ bá mi fún un ní máàkì. Ma wá gbà á fúnra mi.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní í di ahoro. Ṣakí kò ní í bàjẹ́ o.

Èmi ni, ọmọ ìjókòó iwájú létí fèrèsé, tí ẹ ń pè ní "Oníbéèrè."